Wọ́n Wá Yá Bàbá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé a kì í yá ènìyàn, ẹ ní kó wá bi mí. Ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n ń yá ní Ọ̀yọ́ kò ju ìkòkò ńlá, àga àti aṣọ òkè ìyàwó lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n wá yá bàbá tèmi, bàbá tó bí mi lọ́mọ. Wọ́n lò ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n sì dá a padà fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Èmi gan-an ni mo fà á lọ́wọ́ lọ. Mo ti dàgbà báyìí, eyín mi ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ mú bàbá tirẹ̀ wá kí n bá a lò ó.

Iṣẹ́ igbá fífín ni bàbá mi ń ṣe. Kò sí ìyàwó tó ń relé ọkọ ní àdúgbò wa tí igbá rẹ̀ kì í bá ẹrù lọ. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Nígbà tí mo fi máa ka ìwé kẹfà tán, òjìji lásán ló ń rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ọnà kankan, alángbá ni o, ẹyẹ ni o. Ohun tí kò mọ̀ mọ́ ni ibi tí ọ̀bẹ wà lórí igbá. Mo wá di ẹni tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. "Ọ̀tún díẹ̀, Bàbá. Ẹ dúró. Ẹ máa bọ̀ wálẹ̀." Bí mo bá ṣe ń sọ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Àwọn tó ń ra igbá náà kò mọ̀ pé ẹni méjì ló fín in.

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ilé-ìwé ń pọ̀ sí i, olùkọ́ kò tó, gbogbo ọmọ tó bá ti ka ìwé kẹfà ló ń wojú kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Èyí tí àwa ọmọbìnrin ń fẹ́ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ìjọ kan láti Amẹ́ríkà. Mísìsì ni gbogbo ayé ń pe obìnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìdí tó fi fẹ́ di olùkọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń béèrè ohun kan náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí àròkọ rẹ̀ bá wu Mísìsì ni yóò ránṣẹ́ pè láti wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú mi. Kí n wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí kí n lọ sílé ọkùnrin kan, oníṣòwò awọ tó ti níyàwó méjì, tó ti ń kí ìyá mi ní àkíjù. Mo fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn débi pé mo ń lá àlá rẹ̀ lọ́sàn-án.

Tíṣà kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àròkọ ìwọlé yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ lálaalẹ́. Àwa ọmọbìnrin mẹ́rin la jọ ń lọ lọ́dún náà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, igbá olómi kan pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ ló ní kó bá òun fín. Ẹ má rántí rẹ̀ sí ibi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn.

Mo kọ àròkọ mi àkọ́kọ́ pé olùkọ́ ni ìmọ́lẹ̀ orílẹ̀-èdè. Tíṣà kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Inú ìwé ni mo ti rí i, sà."

"Ṣé ìwé ló fẹ́ di olùkọ́ ni, àbí ìwọ?"

Ó fà á ya. Ó ní kí n lọ ronú ohun tí ojú èmi nìkan rí. N kò mọ ohun tí mo máa sọ. Ojú mi kò rí ju igbá àti ẹ̀fọ́ ìyá mi lọ. Ó ní kí n sọ ti igbá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Báwo ni bàbá mi ṣe ń mú ọ̀bẹ? Ibo ni mo máa ń jókòó sí? Níjọ́ kan, ó ní, "Nígbà tí bàbá rẹ bá ṣìnà lórí igbá, kí lo máa ń sọ fún un?"

Mo ní, "N kì í sọ fún wọn pé wọ́n ṣìnà, sà. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n dúró, ká jọ padà síbi tó ti dára."

Tíṣà ti ìwé òfìfo kan síwájú mi. Ó wá ní, "Lọ kọ ìyẹn. Iṣẹ́ olùkọ́ lo ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá."

Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, kò sí ẹni tó tíì sọ ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Mo kọ ọ́. Ó tún un ṣe, mo tún un kọ. Mo ti kọ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ kan mo fi ọwọ́ mi sórí igbá láti júwe fún bàbá mi, ọ̀bẹ sì gé àtàǹpàkò mi, n kò sì ké, títí tí òun fúnra rẹ̀ fi fọwọ́ kan ibi tó tutù lórí igbá. Tíṣà fi tàdáwà pupa pa ibẹ̀ rẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kò yẹ nínú ìwé tí òyìnbó máa kà. Mo gbà fún un, torí ó mọ̀ jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀, ó kà á sókè létí àwọn mẹ́ta yòókù, orí mi sì wú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí n tó dé ilé Tíṣà rárá ni mo ti ń gbọ́ bàbá mi láti ojú ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta náà ń ka àròkọ mi lákàsórí, lédè Gẹ̀ẹ́sì, "My father's eyes," Tíṣà sì ń fi rúlà lu tábìlì níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ mí, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní katikísímù. Ọmọ awakọ̀ lọ́rì kan wà nínú wọn. Ojú bàbá tirẹ̀ dá ṣáká, òru ló fi ń kó iṣu lọ sí Kánò. Òun ló ń kà á tó dùn jù.

Mo ní, "Tíṣà, bàbá mi mà ni, sà."

Ó wò mí bí ẹni pé mo fi oúnjẹ du àwọn ẹgbẹ́ mi. "O yahun, ìwọ ọmọ yìí. Àdúrà tó gbà fún ẹnìkan, ṣé wọ́n máa ń ní kí ẹlòmíràn má gbà á mọ́ ni? Orin tó dùn, ṣebí gbogbo ìjọ ní í kọ ọ́."

Kò purọ́, ohun tó gbàgbọ́ nìyẹn. Nígbà tirẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo làwọn òyìnbó kọ́ wọn, ẹni tó bá sọ ọ́ láìyẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ipò, ẹni tó bá dáhùn yàtọ̀ á padà sí oko. Kò mọ̀ pé ayé ti yí. Ó rò pé bí Mísìsì bá rí i pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ohun kan náà, yóò mọ̀ pé olùkọ́ gidi ló kọ́ wa. Mo délé, mo rojọ́ fún ìyá mi. Alàdúrà ni ìyá mi, ó ní kí n gbé e fún Ọlọ́run. Bàbá mi ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo kúkú wá di bàbá ọmọ mẹ́rin láì fẹ́yàwó kún ìyàwó."

A lọ kọ ìdánwò náà. Oṣù kan kò tíì pé tí Mísìsì fi ránṣẹ́ pe àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tíṣà jó. A wọ lọ́rì, a sọ̀ ní Sábó láàárín àwọn àpò àlùbọ́sà, a fẹsẹ̀ rìn dé kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ kó má baà dọ̀tí.

Mísìsì kò pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó gbogbo wa sínú yàrá kan, ó to ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi bó ṣe ń pè é bí ẹni tí iṣu gbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá afọ́jú tó ń fín igbá, mélòó ni wọ́n ní Ọ̀yọ́?"

A ń wojú ara wa. Nígbà tó bi wá lẹ́ẹ̀kejì, méjì nínú wa bú sẹ́kún, wọ́n ní àwọn kọ́, Tíṣà ló fún àwọn. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó wá ní, "Ta ló ni bàbá yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ọmọ awakọ̀ ní, "Èmi ni, mà."

N kò mọ ohun tó kó sí i lórí. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ó ti kà á títí tó fi dà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Mísìsì ní kí olúkúlùkù wa sọ ọ́ lẹ́nu, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ awakọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ibi tí Tíṣà ti ń lu tábìlì gan-an ló ti ń mí. Mísìsì ń fi ìka tẹ̀lé e lórí ìwé, ó sì ń mi orí.

Ó kàn mí. Ẹ wò ó, ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí kì í sọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àtàǹpàkò mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo na àpá rẹ̀ sí i. Mo fò lọ sí ìgbà tí ojú bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, mo tún padà. Gẹ̀ẹ́sì sá fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá dí i. Omi ń bọ́ lójú mi. Mísìsì gbé ìwé sókè.

"Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò kò sí níbí."

"Tíṣà ló pa á rẹ́, mà."

"Ẹni tó ń sọ òtítọ́ kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀," ni Mísìsì wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní kí n lọ tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run àti lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ó wá yíjú sí ọmọ awakọ̀, ó ní òun yóò gba Ọ̀yọ́ kọjá láìpẹ́, òun fẹ́ kí bàbá rẹ̀ nílé, kí òun rí ọwọ́ tó ń fín igbá láìríran, ìgbà náà ni òun yóò fún un ní ìwé ìgbàwọlé.

Ẹ ó rò pé mo sunkún délé. Rárá o. Inú mi dùn nínú lọ́rì. Kó wá, ni mo ń wí nínú ara mi. Kó wá bá awakọ̀ nílé kó wo ojú rẹ̀ méjèèjì. Irọ́ á tú síta, yóò sì béèrè ilé wa. Mo ti ń ro ohun tí mo máa kó sínú àpótí.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Mísìsì dá ni wọ́n wá sílé wa. Tíṣà ló ṣáájú, ìyàwó awakọ̀ tẹ̀lé e, àwọn àgbà méjì láti agbo ilé wọn sì wà lẹ́yìn. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ wà lọ́nà Kánò. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ àgbàlá wa. Bàbá mi kò rí i. Ìyá mi ló ní, "Tíṣà ló dọ̀bálẹ̀ fún yín yìí o," bàbá mi sì dìde pẹ̀lú jìnnìjìnnì, ó ń na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ láti gbé e sókè.

Wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá fún. Kí bàbá mi wá jókòó ní àgbàlá àwọn lọ́la, láti ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Kó mú ọ̀bẹ àti igbá dání. Bí Mísìsì bá béèrè, òun ni bàbá ọmọ àwọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣe àwàdà ni. Ìyá mi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ dìde kúrò nílẹ̀ ilé wa."

Tíṣà kò dìde. Ó ní àǹfààní tèmi ti bọ́, omi ti dànù. Ó ní bí Mísìsì bá mọ̀ pé irọ́ ni, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́, orúkọ òun yóò sì bàjẹ́ ní ọjọ́ ogbó. Nígbà tó rí i pé bàbá mi kò tíì gbà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. "Bàbá, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ọmọ yìí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí."

Mo wo ojú bàbá mi, mo sì mọ̀ pé ó ti tán. Bàbá mi kò lè jẹ gbèsè oore. Bí ẹ bá fún un lómi mu, yóò wá ọ̀nà fi fún yín lọ́tí. Ó ní, "Ọmọ ló ń jẹ́ ọmọ. Bí tèmi bá ṣubú, ṣé dandan ni kí ti ẹlòmíràn ṣubú pẹ̀lú? Tèmi á tún kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá mi ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, bàbá wo ló fẹ́ fi kọ ọ́?"

Ẹnikẹ́ni kò bi èmi ní nǹkan kan. Ìyá mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, a sì gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà sókè, àdúrà tí kì í ṣe ti ìbùkún.

Lọ́jọ́ kejì ó kọ̀, kò tẹ̀lé wa. Èmi ni mo mú bàbá mi lọ, nítorí èjìká mi nìkan ló mọ̀ ọ́n dì mú bí ó bá ń rìn. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti da páárá igbá sílẹ̀ kí àgbàlá wọn lè jọ ti afíngbá. Wọ́n fi bàbá mi jókòó. Wọ́n ní kí èmi dúró sẹ́yìn níbi ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò.

Mísìsì dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé agolo bisikíìtì kan lọ́wọ́ fún bàbá afọ́jú. Ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó yí i padà, ó ń wo àwọn àpá inú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọmọ rere." Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun, Mísìsì." Ọmọ awakọ̀ kúnlẹ̀ síbi tí mo máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Mo di ọwọ́ mi mọ́ra wọn kí n má baà lọ fà á kúrò níbẹ̀.

Mísìsì gbójú sókè, ó rí mi. "Ìwọ náà wà níbí?" Kí n tó lanu, Tíṣà ti dáhùn. "Ó wá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Mísìsì. Wọ́n ti parí rẹ̀." Mísìsì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní ìyẹn dára. Ó wá ní kí bàbá jọ̀wọ́ fín nǹkan díẹ̀ kí òun rí i.

Bàbá mi gbé igbá lé itan, ó gbé ọ̀bẹ. Ọmọ awakọ̀ ní, "Ẹ máa lọ sókè, Bàbá." Ọ̀bẹ kò kúrò lójú kan. Ó tún gbìyànjú. "Ọ̀tún, Bàbá. Òsì." Bàbá mi gbé orí sókè, ó yí etí sí ìhà ògiri, ọ̀bẹ wà lórí igbá, kò gé, kò kúrò. Ìyàwó awakọ̀ ń wò mí, omi kún ojú rẹ̀. Tíṣà ń wo ilẹ̀.

Mo lè dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́kàn mi: mo fẹ́ dákẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ wọn lórí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló jókòó síbẹ̀ tó di ọ̀bẹ mú bí ẹni tó sọnù, lójú àwọn tí kò tó láti wò ó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀tún díẹ̀, Bàbá. Ó tó. Ẹ máa bọ̀ wálẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra. Ó fín ìrù alángbá, mo ní kó dúró, ó dúró, mo ní kó yí i, ó yí i. A kò sinmi títí tí alángbá náà fi pé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Mísìsì kò wo igbá mọ́. Èmi ló ń wò. Ó wo àtàǹpàkò mi. Ó wo ọmọ tó kúnlẹ̀. Ó wo Tíṣà, Tíṣà kò lè wò ó padà.

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé ìgbàwọlé jáde. Orúkọ ọmọ awakọ̀ ti wà lórí rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dì í lọ́wọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fún un. Nígbà tó ń jáde lọ sí ibi ọkọ̀, ó dúró lọ́dọ̀ mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní, "O kú iṣẹ́."

Wọ́n dá bàbá mi padà fún mi. Wọ́n ní kí a mú bisikíìtì náà lọ, n kò gbà á. Ní ojú ọ̀nà, ó di èjìká mi mú, ó ní, "Ohùn rẹ ni mo ń dúró dè. Kí ni òyìnbó yẹn sọ fún ọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní mo kú iṣẹ́."

Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú ọ̀nà. "Ó ti rí i nìyẹn. Bó bá ti rí i, kò ní gbàgbé rẹ." Kí òjò ọdún náà tó dá, mo ti wà nílé oníṣòwò awọ. Títí bàbá mi fi kú ló ń bi ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ bóyá Mísìsì ránṣẹ́. N kò sọ nǹkan kan fún un. Mísìsì rí i lóòótọ́. Gbogbo wa tó wà ní àgbàlá yẹn la rí i, àfi bàbá mi.